Ihò Márùn-ún Kò Lè Jẹ́rìí

Ìgbàgbọ́ kan ti fìdí múlẹ̀ láàárín àwọn tó ń fi ìbọn ìléwọ́ díje ní Amẹ́ríkà, débi pé ẹni tó bá jiyàn rẹ̀, ojú aláìmọ̀kan ni wọ́n á fi wò ó. Wọ́n ní ìbọn kọ̀ọ̀kan ló ní oúnjẹ tó wù ú jẹ, pé iṣẹ́ ẹni tó bá ń ki kátíríìjì fúnra rẹ̀ ni kó wá oúnjẹ náà kàn. Bí wọ́n ṣe ń wá a nìyí. Wọ́n á ki márùn-ún pẹ̀lú ẹ̀tù tí kò pọ̀, wọ́n á fi ìdá kan nínú mẹ́wàá grain, ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀tù àti ọta, kún un, wọ́n á ki márùn-ún mìíràn, wọ́n á tún fi kún un, títí tí ọ̀wọ́ rẹ̀ á fi pé mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá. Wọ́n á kó gbogbo rẹ̀ lọ sí pápá, wọ́n á gbé ọwọ́ lé àpò iyanrìn, wọ́n á yin wọ́n ní márùn-ún márùn-ún sí pátákó tó wà ní yáàdì 25. Èyí tí ihò rẹ̀ bá sún mọ́ra jù lọ ló borí. Láti ọjọ́ náà lọ, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ fún wọn pé kì í ṣe òun ni ìbọn wọn fẹ́ràn.

Èmi ní kò rí bẹ́ẹ̀. Mi ò sọ pé wọ́n ń purọ́. Ihò tí wọ́n rí, wọ́n rí i lóòótọ́. Ẹjọ́ tí wọ́n dá lórí rẹ̀ ni kò dúró. Ká tilẹ̀ ní ó dúró, kò sí ohun tí yóò fi kún máàkì ẹnikẹ́ni nínú ìdíje tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ ṣe gbogbo wàhálà yìí.

Ìdíje wo ni mò ń wí? Ní 1976, ní ìlú Columbia ní ìpínlẹ̀ Missouri, wọ́n dá International Practical Shooting Confederation sílẹ̀, Jeff Cooper sì ni ààrẹ rẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ̀ka ẹgbẹ́ náà ní Amẹ́ríkà là ń pè ní USPSA. Kì í ṣe ìdíje kí èèyàn dúró gbagidi, kó mú èémí dání, kó wá yin ọ̀kan ṣoṣo. Aago ń lọ, ayìnbọn ń sáré láti ẹ̀yìn ògiri kan bọ́ sí ẹ̀yìn òmíràn, ó ń pààrọ̀ magasíìnì lórí ìrìn, ó ń yin méjì méjì sí pátákó kọ̀ọ̀kan. Àárín pátákó náà, tí wọ́n ń pè ní A, fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 15, ó sì ga tó 28. Ọta tó bá wọ A gba máàkì márùn-ún. C tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń gba mẹ́rin fún ẹni tí kátíríìjì rẹ̀ lágbára tó ipele Major, mẹ́ta péré fún ẹni tó wà ní Minor. Ọta tó bá tàsé pátápátá, wọ́n á yọ mẹ́wàá. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá parí, wọ́n á ro máàkì pọ̀, wọ́n á fi iye ìṣẹ́jú àáyá tí èèyàn lò pín in.

Ẹ wá bá mi rò ó. Ká ní kátíríìjì kan ń kó ihò rẹ̀ jọ sínú sẹ̀ǹtímítà márùn-ún ní yáàdì 25, tí èkejì ń kó tirẹ̀ jọ sínú mẹ́jọ. Ọ̀pọ̀ pátákó nínú ìdíje yìí kò jìnnà ju yáàdì 15 lọ. Ní ibẹ̀, ti àkọ́kọ́ á di sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta, ti èkejì á di nǹkan bíi márùn-ún. Àwa tí à ń sáré, tí àyà wa ń já, tí à ń yin ohun tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 15, sẹ̀ǹtímítà méjì yẹn ha ni yóò gbé wa gun orí tàbí yóò sọ wá sílẹ̀?

Àléébù tó tóbi jù kò tíì sí níbẹ̀. Inú márùn-ún tí wọ́n ń yìn ló wà. Ẹni tó ju owó kọ́bọ̀ sókè lẹ́ẹ̀marùn-ún, tó rí orí lẹ́ẹ̀mẹrin, kò ní jáde lọ sọ fún aráyé pé kọ́bọ̀ òun fẹ́ràn orí. Ó mọ̀ pé bó bá tún jù ú, ó lè yí padà. Àmọ́ ẹni yìí kan náà, tó bá yin ihò márùn-ún tó sún mọ́ra, á ní ìdí ọ̀rọ̀ ti hàn sí òun. Ẹ mú àpótí kátíríìjì kan ṣoṣo, ìbọn kan, ẹni kan, kí ẹ má yí ohunkóhun padà, kí ẹ máa yin ín ní márùn-ún márùn-ún. Kì í ṣe ohun ìyanu rárá kí ọ̀wọ́ kan fẹ̀ ní ìlọ́po méjì òmíràn. Kò sí ohun tó ṣe kátíríìjì náà; bí ọta ṣe ń fọ́nká nìyẹn. Nítorí náà, tí ọ̀wọ́ mẹ́wàá bá wà nílẹ̀, ọ̀kan nínú wọn gbọ́dọ̀ kéré jù, ìbáà jẹ́ pé ẹ̀tù kan náà ló wà nínú gbogbo wọn.

Iye ọta tí èèyàn yìn pàápàá ń tan ojú jẹ. Tí ọ̀wọ́ ihò mẹ́ta ìbọn kan bá ń fẹ̀ ní íǹṣì 2.4 ní ìpíndọ́gba, ìbọn yẹn kan náà pẹ̀lú kátíríìjì yẹn kan náà yóò fẹ̀ tó 3.1 tí ó bá jẹ́ márùn-ún la yìn, yóò sì tó 3.8 tí ó bá jẹ́ mẹ́wàá. Ẹni tó ń yin mẹ́ta mẹ́ta tó ń fi yangàn, ọta tí kò yìn ló ń fi yangàn.

Ti eré ọta, tí wọ́n tún máa ń fi yan oúnjẹ ìbọn, burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ẹ̀rọ ló ń sọ ọ́, ohun tí ẹ̀rọ bá sì ti sọ, ẹnu á kù. Ẹ̀rọ ìwọ̀n-eré á gba eré ọta márùn-ún sílẹ̀, á ṣírò standard deviation wọn, ìyẹn bí eré wọn ṣe yàtọ̀ síra tó, á kọ 10 sójú gíláàsì rẹ̀. Inú ayìnbọn á dùn, á sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí tirẹ̀ jẹ́ 18 pé kó wá kọ́ iṣẹ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ti jókòó sí kíláàsì ìṣirò onípíndọ́gba lè bá wọn parí ìjà náà: pẹ̀lú márùn-ún péré, tí a bá fẹ́ ìdánilójú 95 nínú 100, iye tó jẹ́ òótọ́ lẹ́yìn 10 yẹn lè kéré tó 6, ó sì lè pọ̀ kọjá 28. Ọ̀rẹ́ tó ní 18 wà nínú rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀. Àwọn méjèèjì ò tíì mọ nǹkan kan.

Ẹ tún wo ìdá kan nínú mẹ́wàá grain tí wọ́n fi ń kún ẹ̀tù bí ẹni ń gun àkàsọ̀. Grain 7,000 ló wà nínú pọ́ùn kan. Ìdá kan nínú mẹ́wàá ọ̀kan ṣoṣo nínú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mìlígíráàmù mẹ́fà àbọ̀. Ẹ̀rọ tí àwọn olùdíje ń lò, irú èyí tí ilé iṣẹ́ Dillon ní Scottsdale, Arizona, ń ṣe, tí kátíríìjì kan ń parí nígbàkúùgbà tí wọ́n bá fa ọwọ́ rẹ̀ wálẹ̀, kì í wọn ẹ̀tù lórí òṣùwọ̀n. Ihò kan ló ń bu ẹ̀tù kún, tó ń dà á sínú ìkarahun. Ó ń ṣe iṣẹ́ náà dáadáa, àmọ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá grain sókè tàbí sísàlẹ̀ kì í ṣe ohun àjèjì sí i. Ìgbésẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ìyàtọ̀ kò ju àṣìṣe ẹ̀rọ lọ. Ká má tíì sọ ti ìkarahun tí wọ́n ṣà nílẹ̀ pápá, tí ilé iṣẹ́ mẹ́fà tàbí méje ṣe, tí inú wọn ò fẹ̀ bákan náà. Wọ́n ń fi ìwọ̀n wúrà wọn ohun tí wọ́n fi ṣọ́bìrì kó jọ.

Àwọn kan á ní eré tó ń yàtọ̀ ló ń gbé ọta sókè tó ń gbé e wálẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ọta grain 147 tó ń sáré ní ẹsẹ̀ bàtà 900 ní ìṣẹ́jú àáyá kan yóò dé yáàdì 25 láàárín ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá, ó lé díẹ̀. Láàárín ìgbà yẹn, ilẹ̀ á ti fà á wálẹ̀ ní íǹṣì kan àti ìdá mẹ́ta. Tí èkejì rẹ̀ bá fi ẹsẹ̀ bàtà 30 lọ́ra jù ú, ohun tí ilẹ̀ á fi kún fífà náà kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá íǹṣì. Ẹ wá fi wé ọwọ́ wa. Lórí ìbọn ìléwọ́ Glock 17, láti ojú ìwòran ẹ̀yìn dé ti iwájú jẹ́ mìlímítà 165. Tí ti iwájú bá fi mìlímítà kan ṣoṣo yẹ̀ nígbà tí ìka bá ń fa apátí, ọta á fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 14 yà kúrò lójú ọ̀nà ní yáàdì 25. Mìlímítà kan! Ìyẹn ti tó láti gbé e kúrò ní A bọ́ sí C, àti kọjá bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹ̀tù tó lè wo ìka tó ń já apátí gbà sàn.

Kí ló wá ń mú èèyàn pàdánù gan-an? Ẹ tẹ̀lé mi dé ibi ẹ̀rọ ìwọ̀n-eré ní ìdíje ńlá. Òṣìṣẹ́ kan á ti gba kátíríìjì mẹ́jọ lọ́wọ́ yín, á ti kó o sínú àpò kékeré tó kọ nọ́ńbà yín sí. Nígbà tó bá kàn yín, wọ́n á fi ọ̀kan sínú òòlù tí wọ́n fi ń yọ ọta, wọ́n á gbá a mọ́lẹ̀, ọta á já kúrò nínú ìkarahun, ẹ̀tù á dà sílẹ̀, wọ́n á gbé ọta náà lé òṣùwọ̀n. Wọ́n á fi ìbọn yín yin mẹ́ta kọjá lórí ẹ̀rọ. Wọ́n á sọ iye grain ọta di púpọ̀ pẹ̀lú iye ẹsẹ̀ bàtà tó sá ní ìṣẹ́jú àáyá kan, wọ́n á fi 1,000 pín in. Èyí ni power factor. Ní USPSA, ó gbọ́dọ̀ pé 125 fún Minor, kó sì pé 165 fún Major.

Ẹni tó fi oṣù mẹ́ta wá oúnjẹ ìbọn rẹ̀ ti rí i pé èyí tó rọ̀ lọ́wọ́ jù, tí ihò rẹ̀ sì sún mọ́ra jù, ni ọta grain 147 ní ẹsẹ̀ bàtà 860. Ó ṣírò rẹ̀, ó rí 126. Ó ní ó ti dáa. Àmọ́ òwúrọ̀ ìdíje tutù, ẹ̀rọ tiwọn kì í ṣe ẹ̀rọ tirẹ̀, ó sì jáde ní 850. Ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 147, ẹ ó rí 124,950. Wọn kì í sún un sókè fún ẹnikẹ́ni: 124 ni. Tí èyí tó kù nínú àpò kò bá gbà á, á ṣì láyè láti máa bá ẹgbẹ́ rẹ̀ yìn, àmọ́ òdo ni máàkì rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ìdíje dé òpin. Owó ọkọ̀ òfuurufú, owó hòtẹ́ẹ̀lì, owó ìforúkọsílẹ̀, gbogbo rẹ̀ wọgbó lọ. Ẹni tó gbé tirẹ̀ sí ẹsẹ̀ bàtà 885, tó jẹ́ 130, tí kò bìkítà bí ihò rẹ̀ fi sẹ̀ǹtímítà kan fẹ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ, ń jẹ oúnjẹ òwúrọ̀ rẹ̀ ní ìrọ̀rùn.

Ohun kejì ni kí kátíríìjì há. Ká ní máàkì ọgọ́rùn-ún lẹ kó jọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá 20: márùn-ún ni èsì yín. Tí kátíríìjì kan bá há, tó gba ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta lọ́wọ́ yín, 100 pín sí 23 jẹ́ 4.35. Láti fi ihò tí kò sún mọ́ra pàdánù iye yẹn ní ipele Minor, ẹ ní láti sọ A tó ju mẹ́fà lọ di C. Bẹ́ẹ̀ àwọn tó ń fi ọjọ́ mẹ́ta yin ihò márùn-ún márùn-ún kì í fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹ kátíríìjì ìdíje wọn wò. Kò le. Ẹ yọ ọ̀pá ìbọn kúrò lára ìbọn, ẹ dorí ẹnu rẹ̀ kọ ilẹ̀, ẹ ju kátíríìjì sínú yàrá ọta rẹ̀. Ó yẹ kó dún “tọ́”, kó máa yí láìsí ìdíwọ́ tí ẹ bá fi ìka yí i, kó sì já bọ́ fúnra rẹ̀ tí ẹ bá da ọ̀pá náà dé. Èyí tó bá lẹ̀ mọ́ ibẹ̀, ẹ yà á sọ́tọ̀. Ẹ ṣe é fún gbogbo èyí tí ẹ ó gbé lọ, kì í ṣe fún mẹ́ta tó wà lókè àpótí.

Èyí tó kẹ́yìn kì í ṣe ọ̀rọ̀ máàkì mọ́. Ìkarahun 9mm ṣì láyè lórí ẹ̀tù tó ń yára jó tí àwa olùdíje fẹ́ràn, débi pé a lè da ìwọ̀n méjì sínú ọ̀kan láìmọ̀. Ó sì rọrùn láti má da nǹkankan sí i rárá, tí práímà nìkan á fi ti ọta wọ inú ọ̀pá ìbọn, tí á há síbẹ̀. Ìró rẹ̀ á kéré ju ti yòókù lọ, òṣìṣẹ́ pápá á pariwo “Stop!” Ẹni tí kò bá gbọ́, tó tún fa apátí, ọ̀pá ìbọn lè bẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. SAAMI, ẹgbẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ìbọn àti kátíríìjì ní Amẹ́ríkà, fi òpin ìfúnpá 9mm sí 35,000 psi. Ìlọ́po méjì ẹ̀tù kò mọ ààlà yẹn. Ta ló sì ń ṣe irú àṣìṣe báyìí jù? Ẹni tó ń yí ẹ̀rọ rẹ̀ padà lójoojúmọ́ ni: ìwọ̀n ẹ̀tù mẹ́wàá lórí tábìlì kan, agolo mẹ́ta tí ìdérí wọn ṣí sílẹ̀, ọta tó ń ti wọlé jìn sí i láti mọ̀ bóyá ihò á sún mọ́ra, kó má mọ̀ pé bí ọta ṣe ń jìn wọ inú ìkarahun kékeré yẹn ni ìfúnpá ń ròkè. Àwọn àgbà ní ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ní jẹ́ jẹ́ ká kọjú rẹ̀ kọ òun? Àwa la wá ń fi ọwọ́ ara wa kọjú rẹ̀ kọ ara wa nítorí sẹ̀ǹtímítà méjì.

Wọ́n á ní, àwọn tó ń yin ìbọn ìléwọ́ ní yáàdì 50 ńkọ́? Òótọ́ ni. Nínú ìdíje bullseye, ayìnbọn máa ń dúró sójú kan, á fi ọwọ́ kan yin pátákó tí òrùka mẹ́wàá rẹ̀ kò fẹ̀ ju íǹṣì 3.36 lọ. Níbẹ̀, kátíríìjì tó ń fọ́nká ń jẹ máàkì lóòótọ́. Àmọ́ ẹ wo bí àwọn tó mọ iṣẹ́ náà nínú wọn ṣe ń dán kátíríìjì wò. Wọ́n á de ìbọn mọ́ Ransom Rest, irin tó ń dì í mú kí ọwọ́ èèyàn má bàa dá sí i, wọ́n á sì yin ọ̀pọ̀lọpọ̀. Àwọn tiwa gba ìgbàgbọ́ wọn, wọ́n fi sùúrù wọn sílẹ̀.

Wọ́n á tún ní àwọn tó ń gba ife-ẹ̀yẹ ń ṣe é. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń gba ife-ẹ̀yẹ ń yin ohun tí ilé iṣẹ́ fún wọn. Federal ń ta kátíríìjì 9mm kan tí ọta rẹ̀ jẹ́ grain 150 fún irú ìdíje yìí gan-an, inú páálí ni wọ́n ti ń já a. Ohun tí àwọn akọni yẹn fi jù wá lọ ni ọ̀pọ̀ ọta tí wọ́n ń yìn àti ọ̀pọ̀ wákàtí tí wọ́n fi ń fa apátí ìbọn tó ṣófo nínú yàrá wọn. Ìyẹn ò dùn ún sọ fún ọ̀rẹ́, ló fà á tí ẹnikẹ́ni kì í sọ ọ́.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ka èyí nílé kò ní fọwọ́ kan irú ẹ̀rọ yìí, kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án: òfin ìbọn Nàìjíríà ti 1959 kò fàyè gba aráàlú láti máa ṣe kátíríìjì tàbí láti máa tò ó pọ̀. Àmọ́ àwọn èèyàn wa ń gbé ní Houston, wọ́n ń gbé ní Dallas, níbi tí òfin ti gbà á. Fún ẹni tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọdẹ nínú wọn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀tù tí à ń wí yìí kì í ṣe ti ṣakabùlà. Ẹ̀tù dúdú gba kí àgbà ọdẹ fi ojú àti ìrírí wọ̀n ọ́n. Ẹ̀tù tí kì í rú èéfín kò gbà á. Ìwé tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀tù náà tẹ̀ jáde ni ẹ ó tẹ̀lé, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni sọ ní pápá, èmi náà pẹ̀lú.

Ṣé mo wá ní kí ẹnikẹ́ni má ki kátíríìjì mọ́ ni? Rárá o. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Láti 2020 di 2022, nígbà tí práímà di ohun àwárí ní Amẹ́ríkà, àwọn tó ní i nílẹ̀ nìkan ló ń yìn láìkáyà sókè. Ọta tó wúwo pẹ̀lú ẹ̀tù tó ń yára jó ń jẹ́ kí ìbọn rọ̀ lọ́wọ́ ní power factor kan náà, nítorí ẹ̀tù tí kò pọ̀ kò ní gáàsì púpọ̀ tí yóò ti ìbọn padà. Àǹfààní wọ̀nyí hàn sójú, ọwọ́ ń mọ̀ wọ́n, àpò ń mọ̀ wọ́n. Ẹ mú ọta kan, ẹ mú ẹ̀tù kan, ẹ gbé e dé nǹkan bíi 130, ẹ wo inú ìkarahun kọ̀ọ̀kan kí ọta tó dé e, ẹ dán gbogbo rẹ̀ wò nínú yàrá ọta, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọdún kan.

Ẹni tó bá ṣì fẹ́ bá mi jiyàn, kó kọ́kọ́ ṣe èyí. Kó mú àádọ́ta kátíríìjì tí kò ní ìyàtọ̀ kankan nínú, kó pín in sí ọ̀nà mẹ́wàá, kó kọ nọ́ńbà sára àpò kọ̀ọ̀kan bí ẹni pé ẹ̀tù wọn kò dọ́gba. Kó yin wọ́n ní márùn-ún márùn-ún, kó kó pátákó mẹ́wàá náà fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó gbóná jù nínú ìgbàgbọ́ yìí, kó ní kó bá òun mú oúnjẹ tí ìbọn náà fẹ́ràn. Ọ̀rẹ́ náà á mú ọ̀kan.